Wákàtí mélòó ló ń sọ onílù di ọ̀gá?

Ní òde ìnáwó ní Ibogun, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ara ẹni tó gbé ìyáàlù kọ́ èjìká ni ojú gbogbo èèyàn máa ń wà. Òun ló ń kini, òun ni wọ́n ń lẹ owó mọ́ níwájú orí. Àmọ́ ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ díẹ̀. Nígbà mìíràn, ẹ ó rí ọmọdé kan níbẹ̀ tó fi gúdúgúdú kọ́ ọrùn. Gúdúgúdú ò ju abọ́ kékeré lọ. Wọ́n lẹ ìda róbótó mọ́ àárín awọ rẹ̀, bílálà méjì ni wọ́n sì fi ń lù ú. Kò ní ọṣán tí ọwọ́ ń fún mọ́ra, nítorí náà kò lè ki ẹnikẹ́ni bí ìyáàlù ṣe ń ṣe. Ohun kan náà ni ọmọ yẹn yóò máa lù títí òde yóò fi tú. Tó bá sáré jù, àgbà tó wà níwájú á bojú wẹ̀yìn. Ọmọ náà á ti mọ̀.

Ohun tó ń lọ láàárín àwọn méjèèjì yìí ni àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ti ń jiyàn lé lórí láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn: kí ló ń sọ èèyàn di ọ̀gá nídìí orin? Ṣé ẹ̀bùn ni, àbí iye wákàtí tó fi dánra wò?

Ìwádìí tí gbogbo èèyàn ń tọ́ka sí jáde lọ́dún 1993. Anders Ericsson, ọmọ orílẹ̀-èdè Sweden tó ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì ló ṣe é láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ta fáyólìn ní Berlin. Wọ́n ṣírò iye wákàtí tí oníkálùkù ti dá nìkan fi dánra wò títí tó fi pé ọmọ ọdún 18. Àwọn tó dáńgájíá jù ti lo nǹkan bíi wákàtí 7,410. Àwọn tó tẹ̀ lé wọn lo 5,301. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ orin lo 3,420. Nígbà tí àwọn àkọ́kọ́ fi máa tó ọmọ 20 ọdún, wákàtí wọn ti lé ní 10,000.

Iye yìí ló wá di òkìkí lọ́dún 2008, nígbà tí Malcolm Gladwell gbé e sínú ìwé rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Outliers. Láti ìgbà náà ni a ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu onírúurú èèyàn pé ẹni tó bá ti pé wákàtí 10,000 ti di ọ̀gá. Inú Ericsson fúnra rẹ̀ kò dùn sí i. Ó ní àròpín lásán ni 10,000, pé àwọn kan nínú àwọn tó dáńgájíá jù kò tíì dé ibẹ̀ lọ́mọ ogún ọdún. Ohun tó ká a lára jù ni pé kì í ṣe gbogbo wákàtí ló jẹ́ ìdánrawò. Ìdánrawò tó ń sọ ni kéèyàn dojú kọ ibi tó ń ṣòro fún un, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n wà nítòsí tí yóò sọ ibi tó ti ṣì í, kó sì tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá fi ogún ọdún lu ohun tó ti mọ̀ lánàá, ìlù ló lù, kò dánra wò. Nǹkan kan tún wà nínú ìwádìí náà tí àwọn èèyàn kì í sọ: àwọn tó dáńgájíá jù kì í ju nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin lọ lóòjọ́ nídìí ìdánrawò, wọ́n sì máa ń sùn lọ́sàn-án.

Àwọn mìíràn tún yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Lọ́dún 2014, Brooke Macnamara àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ, wọ́n sì rí i pé nínú orin, ìdánrawò kò ṣàlàyé ju nǹkan bí ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹnì kan sí ẹnì kejì. Lọ́dún 2019, wọ́n tún iṣẹ́ ti Berlin ṣe ní Amẹ́ríkà. Àwọn tó dára àti àwọn tó dára jù lo wákàtí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Wákàtí ṣe pàtàkì lóòótọ́, ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn wà níbẹ̀.

Èrò tèmi ni pé agboolé àyàn ti mọ ọ̀kan nínú nǹkan mìíràn náà tipẹ́. Ẹ wo ohun tí ìyáàlù ń bá fínra. Kò ní ètè, kò ní ahọ́n. Ohùn nìkan ló ní: òkè, àárín àti ìsàlẹ̀. Tí onílù bá fẹ́ sọ pé "ilé", ohùn tí yóò lù ni ti "iṣẹ́", òun náà ni ti "owó", òun náà ni ti "ọkọ́" tí a fi ń roko. Létí ìlù, ọ̀rọ̀ kan náà ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìdí nìyí tí ìyáàlù kì í fi sọ ọ̀rọ̀ ẹyọ kan. Oríkì ló ń sọ, òwe ló ń sọ, gbólóhùn gígùn tí etí ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, kí ẹni tó ń gbọ́ lè dá a mọ̀. Ọmọ àyàn tí ọwọ́ rẹ̀ yá bí ẹ̀fúùfù, tí kò sì mọ oríkì ilé tí a wà, ariwo ló ń pa.

Ìlutí ni ọ̀rọ̀ tó bá èyí mu. Ọ̀jọ̀gbọ́n Rowland Abiodun, tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ ọnà Yorùbá, kà á mọ́ àwọn ohun tí Yorùbá fi ń mọ ọ̀gá nínú iṣẹ́ ọnà, pẹ̀lú ojú inú àti ìfarabalẹ̀. Ẹni tó lutí ni ẹni tí ọ̀rọ̀ ń wọ̀ létí, tó ṣeé kọ́. Gbogbo ìwà yìí kò sí nínú ohun tí wọ́n fi aago wọ̀n ní Berlin.

Ìfarabalẹ̀ ńkọ́? Lọ́dún 2008, àwọn olùwádìí méjì, Charles Limb àti Allen Braun, ní kí àwọn olùtẹ dùùrù jáàsì mẹ́fà dùbúlẹ̀ sínú ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ọpọlọ, wọ́n sì gbé àtẹ dùùrù kékeré lé wọn nítan. Nígbà tí wọ́n ń dá orin sílẹ̀ bó ṣe ń bọ̀ lọ́kàn wọn, apá kan níwájú ọpọlọ tí èèyàn fi ń ṣọ́ ara rẹ̀ rọlẹ̀ wọ̀ọ̀, èyí tó wà láàárín, tó jẹ mọ́ sísọ tinú ẹni, sì jí. Èèyàn mẹ́fà kò pọ̀, ọ̀rọ̀ kò lè torí wọn parí. Àmọ́ ẹni tó bá ti rí àgbà onílù lójú agbo, tí ojú rẹ̀ tutù nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ń sáré, kò ní ṣàì rántí rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ rí olórin tó gbé ìbéèrè ohun tó ń sọni di ọ̀gá yìí dé òpin, kó wo Abẹ́òkúta, tí kò jìnnà sí Ibogun. Ọmọ ibẹ̀ ni Fẹlá Ṣówándé, ọmọ àlùfáà, tí wọ́n bí lọ́dún 1905. Ọwọ́ Ekundayo Phillips ló ti kọ́ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àwọn Áńgílíkà l'Ékòó. Ó lọ sí London láàárín ọdún 1930 sí 1940, ó ń tẹ jáàsì lálẹ́, ó ń kọ́ orin àwọn Bach lọ́sàn-án. Lọ́dún 1943, ó gba oyè tó ga jù lọ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn olùtẹ dùùrù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òun sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gbà á. African Suite tó kọ fún àwọn olóhun èlò olókùn jáde lọ́dún kejì. Nígbà tí Nàìjíríà gba òmìnira lọ́dún 1960, òun ló kọ Folk Symphony fún ayẹyẹ náà.

Ẹni tó ti gun igi dórí ewé nìyẹn. Kí ló wá ṣe lẹ́yìn náà? Ó jókòó ti àwọn babaláwo. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí lórí Ifá àti bí Yorùbá ṣe ń ronú nípa ayé, ó sì kọ̀wé lé e lórí. Orin tó ń kọ dín kù. Àwọn kan rò pé ó ti fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Bí mo ṣe lóye rẹ̀ ni pé inú iṣẹ́ náà ló wọ̀ lọ: ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe orin, ó wá ń wá ohun tí orin wà fún. Ó kọ́ni ní Yunifásítì Howard, ti Pittsburgh àti ti Kent State kó tó kú ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1987.

Láwọn ọdún tí Ṣówándé ń kọ́ Ifá níbí, ẹnì kan ń wá ohun tó jọ ọ́ lókè òkun. John Coltrane, afunfèrè ará Amẹ́ríkà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mọ̀ sí ẹni tí ìdánrawò kì í sú, ń ka ìwé ẹ̀sìn àti ti àwọn ọlọ́gbọ́n oríṣiríṣi. A Love Supreme tó gbà sílẹ̀ ní December 1964, ó ní ẹbọ ọpẹ́ sí Ọlọ́run ni. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni Babatunde Olatunji, onílù ọmọ Àjídò lẹ́bàá Badagry. Ní ọjọ́ 23 oṣù April 1967, ibi tí Olatunji dá sílẹ̀ ní Harlem láti máa kọ́ni ní àṣà Áfíríkà ni Coltrane ti fun fèrè. Ó kú ní July ọdún náà.

Lónìí, ní Ìfọ̀, Mowe àti Ibafo, ilé ìjọsìn ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń kọ́ dùùrù, fóònù sì ni olùkọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Mi ò bú fóònù. Ó ń fún ọmọ ní wákàtí, ó ń fi Coltrane hàn án ní yàrá rẹ̀. Àmọ́ kì í gbọ́ ohun tí ọmọ náà ń tẹ̀. Ọmọ lè ṣi ohun kan náà tẹ̀ láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá, fídíò náà á ṣì máa rẹ́rìn-ín sí i.

Ní Ibogun, nígbà tí òde bá tú, tí wọ́n ń ká àga, àgbà onílù náà á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, á pe ọmọ tó lu gúdúgúdú. Á gba bílálà méjèèjì lọ́wọ́ rẹ̀, á lu ibi tí ọmọ náà ti sáré lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì. Á wá dá bílálà padà fún un, á dijú, á ní kó tún un lù.