Ìgbafẹ́ Kì í Ṣe Àfiṣòfò: Ọgbà Ẹ̀yìnkùlé àti Eré Ìdárayá Àjọṣe

  

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ìgbafẹ́ ni a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí. Bí a bá ti dárúkọ ìgbafẹ́, àwọn àgbà kan a máa fajú ro. Wọ́n á ní eré ọmọdé ni, tàbí ti ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Ohun tí àwa apòògùn ń rí yàtọ̀ sí èyí. Ẹni tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ á máa wá gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lóṣooṣù, kì í pa á jẹ, síbẹ̀ ìfúnpá rẹ̀ kì í wálẹ̀ tó bí ó ti yẹ. Bí a bá bèèrè bí ó ṣe ń lo ọjọ́ rẹ̀, á ní òun kì í ṣe nǹkan kan: láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí àga nídìí tẹlifíṣọ̀n, láti orí àga padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Ohun tí oògùn ń tún ṣe ni àjókòópẹ́ ń bàjẹ́.

Ànábì ti jẹ́ kí a mọ̀, nínú hàdíìsì tí Ibn Abbas gbà wá tí Bukhari sì kọ sílẹ̀, pé ara líle àti ọwọ́ dídilẹ̀ jẹ́ ìdẹ̀ra méjì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń jẹ́ kó bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ìgbafẹ́ tó dára máa ń so méjèèjì pọ̀: a ń fi ọwọ́ tó dilẹ̀ wá ara líle.

Ọgbà kékeré, èrè ńlá

Kò dìgbà tí a bá ní sarè ilẹ̀ kan kí a tó gbin nǹkan. Ẹni tó ní ẹ̀yìnkùlé lè gbin ewúro, efinrin, ṣọkọ yòkòtò àti ilá. Ẹni tó ń gbé yàrá nílé alájà lè kó yẹ̀pẹ̀ sínú àpò sìmẹ́ńtì tàbí ike kun tó ti tán, kí ó lu ihò sí i nídìí. Ẹni tó bá fẹ́ràn òdòdó, kí ó gbìn ín. Ohun tó tura fún ojú a máa tura fún ọkàn pẹ̀lú. Bí a ti ń wú koríko, tí a ń bẹ̀rẹ̀, tí a ń gbé omi, gbogbo oríkèé ara ni iṣẹ́ ń kàn. Ẹ̀fọ́ tútù sì dé orí ààrò láìná kọ́bọ̀. A tún rí i nínú hàdíìsì Anas ọmọ Malik pé ohunkóhun tí Mùsùlùmí bá gbìn, tí ènìyàn, ẹyẹ tàbí ẹranko jẹ nínú rẹ̀, sàráà ni fún un.

Ṣùgbọ́n ìmọ́tótó ni kí ó ṣíwájú. Ẹ máa da omi inú àwo tó wà lábẹ́ ìkòkò òdòdó nù lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ní ojú ọjọ́ tiwa, ẹyin ẹ̀fọn lè di ẹ̀fọn tó ń fò láàárín ọjọ́ 7 sí 10. Ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, nítorí aràn kan wà tó ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé tí yóò sì máa mu ẹ̀jẹ̀ nínú ìfun. Kòkòrò àrùn tẹ́tánọ́ọ̀sì náà ń gbé inú yẹ̀pẹ̀; bí irin tàbí igi bá gún yín, ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ ojú ibẹ̀, kí ẹ sì lọ bèèrè abẹ́rẹ́ àjẹsára.

Ẹ má ṣe bu oògùn apakòkòrò sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò láéláé. Ọmọdé tí òùngbẹ ń gbẹ kò mọ ìyàtọ̀. Oògùn tí a fi ń pa aáyán nínú ilé kì í sì í ṣe ohun tí a ń fín sí ẹ̀fọ́ tí a fẹ́ jẹ. Nínú àwọn òdòdó pàápàá, ẹ ṣọ́ra fún oleander, nítorí májèlé inú rẹ̀ lè da lílù ọkàn rú. Ẹ ṣọ́ra fún dumb cane pẹ̀lú, òdòdó elewé gbòòrò tó ní àmì funfun lára; bí ọmọdé bá jẹ ẹ́, ẹnu àti ahọ́n rẹ̀ á wú. Ilé tí ọmọ tó ń rá wà, kí wọ́n má gbìn wọ́n síbẹ̀.

Eré ìdárayá àjọṣe

Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà wá níyànjú pé kí àgbàlagbà máa fi ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ṣe ohun tó ń mú ara gbóná. Bí a bá pín in, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni, fún ọjọ́ márùn-ún. Àwọn kan ń bi wá pé, ṣé ìrun márààrún kò tó ni? Ìjọsìn ni ìrun, a kì í kí i nítorí eré ìdárayá. Rúkúù àti sùjúdù ń na oríkèé ara lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í mú ọkàn sáré fún ìgbà pípẹ́ bí ìrìn kánmọ́kánmọ́ ṣe ń ṣe.

Èéṣe tí a fi ní kí a jọ ṣe é? Ẹni tó bá ń dá ṣe é, ọjọ́ tí òjò bá ṣú ló máa jáwọ́. Bí a bá pọ̀, wọ́n á bèèrè ẹni tí kò wá, gẹ́gẹ́ bí a ti ń bèèrè ẹni tí a kò rí ní sáàfù. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Lẹ́yìn ìrun Àsùbáà lọ́jọ́ Sátidé àti Sọ́ńdè, àgbàlá mọ́sálásí lè gba àwọn ọkùnrin. Kí àwọn ìyá wa ṣe tiwọn lọ́tọ̀, níbi tí ojú kò ti ní tó wọn, kí obìnrin ẹlẹgbẹ́ wọn sì máa darí wọn. Ẹni tí orúnkún ń dùn lè jókòó sórí àga kí ó máa ju apá àti ẹsẹ̀. Ìwọ̀n tó dára ni pé kí ẹ lè dá ẹni tó kí yín lóhùn, ṣùgbọ́n kí èémí má tó yín ké kéwú.

Ohun tó kan oògùn yín

Bí ìfúnpá bá ti tó 180/110, ẹ kọ́kọ́ rí dókítà kí ẹ tó bọ́ sójú agbo. Ẹni tó ń lo ínsúlíìnì tàbí glibenclamide fún àtọ̀gbẹ kò gbọdọ̀ wá lórí òfo inú. Bí òógùn tútù, gbígbọ̀n àti òòyì bá bẹ̀rẹ̀, kí ó dúró, kí ó jẹ kóró ṣúgà mẹ́rin kíá. Bí àyà bá ń fún yín, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn.

Bí ara bá ń ro yín lọ́jọ́ kejì, ẹ má sáré ra diclofenac tàbí ibuprofen. Wọ́n lè gbé ìfúnpá sókè, wọ́n sì lè pa kíndìnrín lára, pàápàá fún ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ bi apòògùn yín léèrè ná.

Kí ó sì yé wa: ewúro inú ọgbà oúnjẹ ni, kò rọ́pò oògùn. Ìfúnpá tó bá wálẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta kì í ṣe àṣẹ pé kí a da oògùn nù. Ẹ gbé ìwé ìfúnpá yín lọ bá dókítà. Òun ló lè sọ bóyá kí a dín in kù.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí ìdílé kọ̀ọ̀kan gbin nǹkan kan, ewúro tàbí òdòdó, kí ẹ sì wá ẹni méjì tí ẹ ó jọ máa rìn. Kí Ọlọ́hun fún wa ní àlàáfíà tí a ó fi máa sìn Ín. Àmín.