Ilẹ̀ Asinmi: Ọ̀rọ̀ Kan láti inú Oko Ìbàràpá

Ní ilẹ̀ Ìbàràpá, ní Ìgbò-Ọrà àti Èrúwà, àgbẹ̀ a máa gbin àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀gúsí pọ̀ sí oko ìdílé. Ìtàkùn ẹ̀gúsí a bo ilẹ̀ kí oòrùn má baà tètè gbẹ ẹ́. Bí ilẹ̀ bá wá ṣá, wọn a fi í sílẹ̀ fún ọdún mélòó kan: igbó a hù, ewé a já bọ́, a jẹrà, ilẹ̀ a sì tún lọ́ràá.

Kí ni kí á máa pe irú ilẹ̀ yìí nínú ìwé? 'Ilẹ̀ ahoro' kò tọ̀nà, nítorí ohun tí olúwa rẹ̀ ti kọ̀ sílẹ̀ ni ahoro. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978, ní abala 36, ka ilẹ̀ tí a fi sílẹ̀ kí ó lè gba okun padà, gẹ́gẹ́ bí àṣà ibẹ̀, mọ́ ilẹ̀ tí a ń dáko sí. Atúmọ̀ tí ó bá pè é ní ahoro ti gba ẹ̀tọ́ yẹn lọ́wọ́ àgbẹ̀.

A dábàá 'ilẹ̀ asinmi': 'a-' tí ń tọ́ka sí olùṣe, àti 'sinmi'. Orúkọ yìí fi hàn pé ilẹ̀ náà ní ẹni tí ó ni ín, àti pé àgbẹ̀ yóò padà sí i.