Apophis: Òkúta Ojú Ọ̀run tí Yóò Kọjá ní Ọdún 2029

Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 13 oṣù Kẹrin ọdún 2029, òkúta ńlá kan tí ń jẹ́ Apophis yóò gba ẹ̀gbẹ́ ayé wa kọjá. Bí àwọsánmà òjò kò bá bo ojú ọ̀run, àwa tí a wà ní ilẹ̀ Áfíríkà yóò lè fi ojú lásán rí i, bí ìràwọ̀ tí ń rìn jẹ́jẹ́. Ó yẹ kí a ti mọ òtítọ́ nípa rẹ̀ ṣáájú, nítorí kò ní ṣàìsí àwọn tí yóò fi í dẹ́rù ba aráyé.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2004 ni Roy Tucker, David Tholen àti Fabrizio Bernardi kọ́kọ́ rí i láti òkè Kitt Peak ní ìpínlẹ̀ Arizona, ní Amẹ́ríkà. Ìbú rẹ̀ tó nǹkan bí mítà 340, èyí tí í ṣe pápá bọ́ọ̀lù mẹ́ta tí a tò tẹ̀lé ara wọn. Òkúta ni, irin àti níkẹ́ẹ̀lì sì wà nínú rẹ̀. Kò rí roboto bí ayé. Ó gùn bọ̀rọ̀gìdì bí ẹ̀pà tí a kò tíì pa. Kì í sì yí geere, ńṣe ni ó ń ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n bí òkòtó tí agbára rẹ̀ ń tán lọ.

Oòrùn ni ó ń yí po, gẹ́gẹ́ bí ayé ti ń yí i po. Ọjọ́ 365 ni ayé fi ń ṣe ìrìn àjò yìí. Nǹkan bí ọjọ́ 324 ni Apophis fi ń ṣe tirẹ̀. Nígbà tí ó bá súnmọ́ oòrùn jù lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọ̀nà tí Àgùàlà ń gbà. Nígbà tí ó bá jìnnà jù lọ, ó yọ díẹ̀ kọjá ọ̀nà tiwa. Ṣùgbọ́n oríta kì í ṣe ìjàǹbá. Ọkọ̀ méjì kì í kọlu ara wọn níbẹ̀, àfi bí wọ́n bá débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2004, ìṣirò àwọn onímọ̀ fi hàn pé bí a bá pín ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ ní 2029 sí ọ̀nà 37, ọ̀kan nínú rẹ̀ ni pé yóò kọlu ayé. Wọn kò fi ìyẹn pa mọ́, wọn kò sì dúró síbẹ̀. Wọ́n tú àwọn àwòrán àtẹ̀yìnwá wò, wọ́n rí òkúta náà nínú èyí tí a yà ní oṣù Kẹta ọdún náà, ìṣirò tuntun sì mú ewu 2029 kúrò. Ní oṣù Kẹta ọdún 2021, wọ́n fi rédà wọn ọ̀nà rẹ̀ láti Goldstone ní California, NASA sì kéde pé kò ní kọlu ayé fún ọgọ́rùn-ún ọdún, ó kéré tán.

Síbẹ̀, yóò súnmọ́ wa. Nǹkan bíi kìlómítà 32,000 ni yóò wà sí ilẹ̀, nígbà tí àwọn sátẹ́láìtì tí ń gbé àwòrán tẹlifíṣọ̀n wá bá wa wà ní nǹkan bí 36,000, tí òṣùpá sì wà ní 384,000. Agbára òòfà ayé yóò fa ọ̀nà rẹ̀ gbòòrò, tó bẹ́ẹ̀ tí ìyípo rẹ̀ yóò fi ju ọdún kan lọ lẹ́yìn náà.

Àwa tí a ń wàásù ní láti kíyè sára. Bí a bá fi ohun tí a ti wọ̀n tí kò léwu kéde òpin ayé, tí ọjọ́ náà sì kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, àwọn ọmọ wa kò ní gba èyí tí í ṣe òtítọ́ gbọ́ lẹ́nu wa mọ́. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ẹ̀yin òbí, ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀. Nígbà tí ó bá dé, ẹ mú àwọn ọmọ jáde síta, ẹ fi iṣẹ́ ọwọ́ Ẹlẹ́dàá hàn wọ́n, kí ẹ sì sọ fún wọn bí àwọn ènìyàn ti fi sùúrù wá òtítọ́ títí tí ẹ̀rù fi kúrò.