Dídí Eyín: Èwo Ni Ti Ẹ̀rọ, Èwo Ni Ti Ọwọ́?

Nínú àwọn tí ń wá yá owó pàjáwìrì lọ́wọ́ ẹgbẹ́, eyín ni ó ń lé àwọn kan wá. Ìgbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá wú tán ni wọ́n tó ń sáré. Bí a bá béèrè ìdí tí wọn kò fi tètè lọ, wọn a ní ẹ̀rọ tí ń lu eyín ń ba àwọn lẹ́rù. Àwọn mìíràn lọ, dókítà fi irin kékeré ha ihò náà, ó dí i láìlo ẹ̀rọ, wọ́n bá ní ó rẹ́ àwọn jẹ. Ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ là yé ara wa.

Ṣúgà àti bísíkíìtì tí ó kún ọjà wa ní Ìdí-Ìrókò níbí ni àwọn kòkòrò tíntìntín inú ẹnu ń sọ di omi kíkan, òun ni ó sì ń jẹ eyín. Òde eyín le ju egungun lọ, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò le tó bẹ́ẹ̀. Ihò tí ó dà bí ojú abẹ́rẹ́ lóde lè ti di yàrá nínú.

Lọ́nà àtijọ́, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń gbẹ́ ẹ. G. V. Black, ará Amẹ́ríkà tí ó kú ní 1915, kọ́ àwọn oníṣègùn pé kí wọ́n gbẹ́ kọjá ibi tí ó bàjẹ́, kí àrùn má baà tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Fàdákà tí a pò mọ́ mẹ́kúrì, tí wọ́n fi ń dí i, kì í sì lẹ̀ mọ́ eyín fúnra rẹ̀. Àfi kí inú ihò fẹ̀ ju ẹnu rẹ̀ lọ bí ikùn ìkòkò, kí ó tó dúró. Bẹ́ẹ̀ ni eyín tí ó dára ń bá èyí tí ó bàjẹ́ lọ. Ó ń pẹ́ lẹ́nu lóòótọ́, a kò ní parọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bí ìdajì rẹ̀ ni mẹ́kúrì, àdéhùn Minamata ti ọdún 2013, tí Nàìjíríà fọwọ́ sí, sì ní kí á máa dín lílò rẹ̀ kù.

Ọ̀nà kejì, ilẹ̀ Áfíríkà níbí ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní àárín àwọn ọdún 1980, ní Tanzania, Jo Frencken, oníṣègùn eyín ará Holland, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń wá bí a ṣe lè dí eyín níbi tí kò sí iná mànàmáná. Irin bí ṣíbí kékeré ni wọ́n fi ha kìkì ibi tí ó ti rọ̀, wọ́n sì fi sìmẹ́ńtì eyín dí i (kì í ṣe ti ilé kíkọ́ o). Èyí ń lẹ̀ mọ́ eyín, ó sì ń tú fluoride tí ń mú eyín le sílẹ̀. Bí ihò bá sún mọ́ iṣan, wọ́n lè mọ̀ọ́mọ̀ fi díẹ̀ sílẹ̀ nísàlẹ̀, kí wọ́n dé e pa. Kòkòrò tí kò rí ṣúgà jẹ mọ́, agbára rẹ̀ pin nìyẹn. Kì í sábà dunni, kì í sì í sábà gba abẹ́rẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ọ̀nà yìí lárugẹ ní 1994, wọ́n sì fi sìmẹ́ńtì náà sínú ìwé àwọn oògùn tí kò gbọdọ̀ wọ́n ní 2021. Ṣé iṣẹ́ ìrẹ́jẹ nìyẹn? Àwọn káfíńtà wa mọ̀ pé a kì í tú gbogbo òrùlé nítorí pákó kan tí ikán jẹ létí.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ihò ni ọwọ́ ká. Èyí tí ó wà láàárín eyín méjì, bí a bá fi ọwọ́ dí i, ó máa ń tètè yọ ju ti orí eyín lọ. Eyín tí ó ti fọ́ púpọ̀, ẹ̀rọ ni yóò tún un ṣe. Èyí tí ń jí ènìyàn lóru, tàbí tí ẹ̀bà gbígbóná ń mú ta fún ìgbà pípẹ́, àrùn ti dé iṣan. Dídí nìkan kò tó o mọ́. Wọn yóò fọ inú gbòǹgbò rẹ̀, tàbí kí wọ́n yọ ọ́. Gbòǹgbò fífọ̀ yìí gan-an ni ó ń gbé owó lọ.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá rí àmì dúdú tàbí ihò, kí ó bi dókítà pé, “Ṣé ó ti kan iṣan? Ṣé ọwọ́ lè ká a?” Ní UCH Ìbàdàn àti LUTH ní Ìdí-Àràbà, wọ́n ń kọ́ àwọn oníṣègùn eyín níbẹ̀. Bí owó bá jẹ́ ìdíwọ́, ẹ mú ìwé dókítà wá sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́ kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú. A kò ní dúró de ìpàdé oṣù.