Bí Kàlẹ́ńdà Àwọn Híńdù Ṣe Ń Pín Àkókò Òòjọ́

Ní ìlú Chennai, ní gúúsù Íńdíà, ẹni tó san owó mọ́tò tuntun tán lọ́jọ́ Ẹtì lè kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò ní gbé e láàárín aago 10:30 sí 12:00. Mọ́tò náà ò ní àléébù kankan. Àkókò Rahu ni kò fẹ́ kó bọ́ sí. Rahu yìí ni àwọn Híńdù gbà pé ó máa ń gbé oòrùn mì tí ọ̀sán fi ń dòru. Wọn kì í dáwọ́ lé ohun tuntun lásìkò rẹ̀, àmọ́ iṣẹ́ tó ti wà nílẹ̀ ń bá a lọ.

Panchang, ìyẹn ìwé kàlẹ́ńdà wọn, ló ń sọ àkókò náà, ìṣirò rẹ̀ ò sì le. Láti ìgbà tí oòrùn bá yọ títí tó fi máa wọ̀, wọ́n á pín in sí ọ̀nà 8 ọgbọọgba. Ọ̀kan nínú ẹ̀ ni ti Rahu: ìkejì lọ́jọ́ Ajé, ìkẹrin lọ́jọ́ Ẹtì, ìkẹjọ lọ́jọ́ Àìkú. Ìpín àkọ́kọ́ kì í kàn án lọ́jọ́ kankan.

Bí oòrùn bá yọ ní aago mẹ́fà tó sì wọ̀ ní mẹ́fà, ìpín kan á jẹ́ wákàtí kan àtààbọ̀. Ṣùgbọ́n ta ló bá oòrùn ṣàdéhùn? Fún Híńdù tó ń gbé ní London, àkókò Rahu máa ń ju wákàtí méjì lọ ní ìparí oṣù Okúdù. Tó bá di ìparí Ọ̀pẹ, kì í pé wákàtí kan. Ní Íńdíà gan-an, aago kan náà ni Kolkata àti Mumbai ń lò, síbẹ̀ oòrùn Kolkata máa ń fi nǹkan bíi wákàtí kan ṣáájú. Panchang ìlú kan ò ṣeé gbé lọ sí ìlú mìíràn láìtún un ṣírò.

Ìgbà tí oòrùn bá yọ ni ọjọ́ wọn ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí ní aago mẹ́ta òru, kí ilẹ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó mọ́, ọmọ ọjọ́ Ajé ni. Ibi tó máa ń rú àlejò lójú ni tithi, ìyẹn ọjọ́ òṣùpá. Gbogbo ìgbà tí òṣùpá bá ti fi dígírì 12 sí i jìnnà sí oòrùn ni tithi kan parí. 30 ló wà nínú oṣù. Nítorí pé ìrìn òṣùpá kì í dọ́gba, tithi kan lè gba nǹkan bíi wákàtí 19, òmíràn 26. Èyí tí oòrùn bá yọ bá ni wọ́n fi ń pe ọjọ́ náà. Ìdí nìyẹn tí kàlẹ́ńdà fi lè fo láti ìkeje sí ìkẹsàn-án, tàbí kó ka ìkeje lẹ́ẹ̀mejì.

Àkókò rere náà wà. Bí wọ́n bá pín ojúmọmọ sí 15, ìkẹjọ, tó bọ́ sí ọ̀sán gangan, ni Abhijit, àkókò tó dára láti bẹ̀rẹ̀ nǹkan. Lọ́jọ́ tí oòrùn bá yọ ní aago mẹ́fà tó sì wọ̀ ní mẹ́fà, ìṣẹ́jú 48 ni, láti 11:36 sí 12:24. Àmọ́ tó bá jẹ́ ọjọ́ Ẹtì, Rahu ti gba ìdajì ẹ̀. Ẹni tó ka Rahu sí á wulẹ̀ dúró di aago 12:00, kó lo ìṣẹ́jú 24 tó kù.