Àpò Méjì, Aláìsàn Kan: Bí Medicare àti Medicaid ṣe ń Pàdé Lára Àwọn Ìyá Wa ní Amẹ́ríkà

 

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kan ẹni tó bá ní ọmọ ní Amẹ́ríkà, wọn ò sì kéré láàárín wa. Ọmọ bímọ, ó ní kí ìyá wá bá òun tọ́jú ìkókó. Ìyá ti ìsọ̀, ó lọ. Bó bá yá, ọmọ tó ti di ọmọ ìlú ibẹ̀ á bá ìyá gba green card, á wá sọ pé, "Mọ́mì, ẹ má dààmú, ìjọba ló ń tọ́jú àgbàlagbà níbí. Ọ̀fẹ́ ni." Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́ pátá, ṣùgbọ́n kò pé. Ẹ jẹ́ ká tú u wò kí ẹnikẹ́ni tó ta ìsọ̀ rẹ̀.

Àpò méjì ni ìjọba ibẹ̀ ní. Orúkọ wọn jọra bí ìbejì, ọjọ́ kan náà ni Ààrẹ Lyndon Johnson sì fọwọ́ sí òfin wọn, 30 July 1965. Èkínní ni Medicare. Ti ìjọba àpapọ̀ ni. Ẹni tó bá ti pé ọdún 65 ló wà fún, olówó ni o, tálákà ni o. Aláàbọ̀ ara tí kò tíì pé 65 náà lè rí i gbà, lẹ́yìn tó bá ti gba owó àìlèṣiṣẹ́ ti Social Security fún oṣù 24. Èkejì ni Medicaid, ti aláìní. Ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ ló jọ ń dáwó sí i, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ ló ń ṣe àkóso rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ti Texas kò fi rí bíi ti New York.

Ẹni tó ní Medicare, kí ló tún ń wá Medicaid ṣe? Ihò wà nínú àpò àkọ́kọ́ ni. Ní 2025, dọ́là 185 lèèyàn san lóṣù fún apá tó ń sanwó dókítà, ó ṣàìsàn o, kò ṣàìsàn o. Bí wọ́n bá dá a dúró sí ọsibítù lọ́dún náà, dọ́là 1,676 ló kọ́kọ́ jáde lápò rẹ̀. Lọ́dọ̀ dókítà, ìdá 20 nínú 100 tirẹ̀ ni. Èyí tó wá wúwo jù ni pé bí àgbà bá dẹni tí kò lè wẹ̀, tí kò lè wọṣọ fúnra rẹ̀, Medicare kì í sanwó ẹni tí yóò máa ṣe é fún un lọ títí. Ilé ìtọ́jú tó ń san fún lẹ́yìn ọsibítù, 100 ọjọ́ ni òpin, kì í sì í dá gbogbo rẹ̀ san. Medicaid ló ń gbé ẹrù yẹn, òun náà ló sì lè bá aláìní san owó oṣooṣù yẹn àti ìdá 20. Àwọn tó ní méjèèjì pọ̀, wọ́n tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 12.

Àbí kí wá ló kù? Wàhálà wọn kù. Ẹ wo ẹni tó ń dá àjọ lọ́dọ̀ alájọ méjì: ọjọ́ tí nǹkan bá dé, tibí á ní kó lọ bá tọ̀hún, tọ̀hún á ní kó padà sí tibí. Bẹ́ẹ̀ náà ni. Káàdì méjì, ìwé méjì, ọ́fíìsì méjì. Ẹ tún wo ọgbọ́n owó tó wà nídìí ẹ̀. Bí Medicaid bá sanwó ẹni tó ń bá Màmá gun balùwẹ̀, tí Màmá kò ṣubú, Medicare ló jèrè, torí òun ni ìbá san owó ọsibítù. Ìpínlẹ̀ náwó, èrè bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ọlọ́jà wo ló máa ń yá lára láti ṣe irú òwò bẹ́ẹ̀? Níbẹ̀ ni àgbà ti ń ṣubú.

Àwọn tó kọ́kọ́ rí ọ̀nà àtiso àpò méjèèjì pọ̀ kì í ṣe ìjọba. Àdúgbò àwọn ará Ṣáínà ní San Francisco ni, láyé ọdún 1970 sí 1973. Àwọn ìdílé ibẹ̀ kò fẹ́ kó òbí wọn lọ sílé arúgbó, ni ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ On Lok bá ṣí ibi tí àgbà ti ń lo ọ̀sán: ọkọ̀ á wá gbé e, á jẹun, nọ́ọ̀sì á wò ó, á sì padà sùn sílé ọmọ rẹ̀. Inú wa dùn sí èyí ju gbogbo ìyókù lọ, torí bí àwa náà ṣe ń ronú nípa ìyá nìyẹn. Inú rẹ̀ ni PACE ti jáde, tí òfin 1997 sì fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀. Medicare àti Medicaid á kó owó oṣooṣù lé PACE lọ́wọ́, òun á sì ru gbogbo ìtọ́jú, látorí oògùn dé ọsibítù. Ẹni ọdún 55 sókè tí ara rẹ̀ ti dé ibi à ń gbé lọ sílé ìtọ́jú ló wà fún, kò sì sí ní gbogbo ìpínlẹ̀. Fún aláàbọ̀ ara, Massachusetts bẹ̀rẹ̀ One Care ní 2013 fún ẹni ọdún 21 sí 64.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni D-SNP, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2006, tí ilé iṣẹ́ adójútòfò ń tà. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀ o. Òmíràn so méjèèjì pọ̀ lóòótọ́. Òmíràn, Medicaid Màmá ṣì wà lọ́tọ̀. Wọ́n máa ń fi owó oúnjẹ àti eyín polówó rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé èènì kọ́ la fi ń mọ ojúlówó ọjà. Kí ọmọ béèrè pé: ṣé dókítà Màmá wà nínú ìwé wọn? Ta ni kan ṣoṣo tí a máa pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀? Àwọn tó ń jẹ́ SHIP wà ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń gbani nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́, wọn kì í tajà fúnni.

Ẹni tó wà lórí físà àbẹ̀wò kò ní ìkankan nínú méjèèjì. Ìyá tó gba green card, tí òun tàbí ọkọ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ ọdún 10 níbẹ̀, gbọ́dọ̀ gbé ibẹ̀ fún ọdún márùn-ún gbáko kó tó lè ra Medicare, ní 65 sókè. Apá ọsibítù nìkan tó dọ́là 518 lóṣù ní 2025. Òfin 1996 ní kó dúró ọdún márùn-ún fún Medicaid náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìpínlẹ̀ mélòó kan ní ètò tiwọn. Owó ọmọ tó fọwọ́ síwèé fún un ni wọ́n sì lè kà mọ́ tirẹ̀. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún yẹn, bó bá yege fún ohun tí wọ́n ń pè ní QMB, ìpínlẹ̀ lè máa bá a san owó méjèèjì. Ẹni tó bá ní QMB, dókítà tó ń gba Medicare kò gbọdọ̀ gbé bíìlì ìdá 20 fún un. Síbẹ̀ irú bíìlì bẹ́ẹ̀ máa ń dé. Kí ọmọ má yára san án.

Ilé ńkọ́? Bí ìyá bá ra ilé sórúkọ ara rẹ̀ níbẹ̀, tí Medicaid sì náwó ìtọ́jú ọlọ́jọ́ pípẹ́ lé e lórí lẹ́yìn ọdún 55, ìpínlẹ̀ lè béèrè owó náà lára ilé yẹn lẹ́yìn ikú rẹ̀. Kí wọ́n rí lọ́yà kí wọ́n tó ra ilé.

Lọ́dọọdún ni Medicaid ń yẹ ìwé wò. Lẹ́tà á wá. Bí kò bá sí ẹni tó dáhùn, wọ́n á já a. Ìyá tó bá ń bọ̀ wá ṣe ọdún nílé, kó fi ẹni tí yóò máa ṣí lẹ́tà sílẹ̀, kó sì gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó máa tó o lò kó tó wọ bàálù, torí káàdì méjèèjì kì í ṣiṣẹ́ ní Dùgbẹ̀.