Ẹ Wo Táńkì Kí Ẹ Tó Yí Bọ́ílà: Bí Ẹ Ṣe Lè Dín Gáàsì Kù Nínú Ilé

Ìwé ìlàlóye láti ọwọ́ Ẹ̀ka Ilé Gbígbé ti káńsù, fún àwọn ará ilé tó ń sọ Yorùbá ní gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù

Ìdí tí a fi kọ ọ́

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde pé kí àwọn tó ń lo bọ́ílà kọ́ńbì yí ooru omi rédíétọ̀ wálẹ̀ sí dígírì 60. Ìmọ̀ràn náà dára, ó sì ń dín owó gáàsì kù. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń ti ẹnu ẹnìkan dé etí ẹlòmíràn, "kọ́ńbì" já sílẹ̀ lọ́nà, "60" nìkan ló kù. Bí òtútù bá ti wọlé, oríṣi ènìyàn mẹ́ta la máa ń rí ní kántà: ẹni tó ní táńkì omi gbígbóná tó sì ti yí i wálẹ̀, ẹni tó yí nọ́ńbà ara ògiri dípò ti bọ́ílà, àti ẹni tó ti fowó lé gbájúẹ̀ lọ́wọ́ kó tó rántí wa.

Bí ó bá jẹ́ pé bọ́ílà ńlá kan ṣoṣo ló ń gbé ooru wọ gbogbo fúláàtì ilé yín, ẹ kò ní bọ́ílà tí ẹ máa yí. Abala 1 àti 2 kò kàn yín; ẹ bẹ̀rẹ̀ láti abala 3.

1. Ṣé ẹ ní táńkì omi gbígbóná?

Ẹ má tíì fọwọ́ kan bọ́tìnnì kankan. Ẹ kọ́kọ́ wá táńkì.

Inú kọ́bọ́ọ̀dù tí ẹ ń kó aṣọ àti táwẹ́ẹ̀lì sí ló sábà máa ń wà. Ó rí roboto, ó sì lè ga dé àyà àgbàlagbà. Bàbà ni ti àtijọ́, tí wọ́n fi fóòmù tàbí jákẹ́ẹ̀tì wé. Ti ìsinsìnyí sábà máa ń funfun. Sílíńdà ni àwọn ẹlẹ́rọ ń pè é. Kì í ṣe sílíńdà gáàsì tí à ń gbé lọ rọ ní Nàìjíríà ni wọ́n ń sọ.

Bí ẹ bá wá a títí tí ẹ kò rí i, ẹ pa rédíétọ̀, ẹ ṣí tápù omi gbígbóná, kí ẹ sì tẹ́tí sí bọ́ílà. Bí ó bá tàn lójú ẹsẹ̀, tí ó sì kú nígbà tí ẹ ti tápù, kọ́ńbì ni: ó ń mú omi gbóná bó ṣe ń kọjá, kì í tọ́jú rẹ̀ pamọ́. Bí omi gbígbóná bá ń ṣàn tí bọ́ílà dákẹ́, ó ṣeé ṣe kí táńkì wà níbì kan nínú ilé. Àmì mìíràn ni pé nínú ilé tó ní táńkì, bí ènìyàn mélòó kan bá wẹ̀ tẹ̀léra, omi gbígbóná á tán, ẹ ó sì dúró kí òmíràn tó gbóná.

Bí táńkì bá wà, a bẹ̀ yín, ẹ má yí ooru rẹ̀ wálẹ̀. Omi inú táńkì gbọ́dọ̀ gbóná dé dígírì 60. Kòkòrò kan wà tí wọ́n ń pè ní Legionella. Inú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, láàárín dígírì 20 sí 45, ló ti ń bí sí i. Dígírì 60 ló ń pa á. Ìgbà tí ènìyàn bá fa ìkùukùu omi sháwà símú ló ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, tó sì ń fa àìsàn ẹ̀dọ̀fóró tó le gan-an. Àwọn tó ti dàgbà, àwọn tó ń mu sìgá àti àwọn tí àìsàn ti sọ ara wọn di aláìlágbára ló máa ń mú jù.

Ẹ má sì yí bọ́ílà fúnra rẹ̀ wálẹ̀ bí ó bá jẹ́ pé òun ló ń mú omi táńkì gbóná. Omi tó jáde láti inú bọ́ílà gbọ́dọ̀ gbóná ju 60 lọ kí omi táńkì tó lè dé 60. Àwọn kan ń sọ fún wa ní kántà pé, "Èmi ò fọwọ́ kan táńkì o, bọ́ílà ni mo yí." Ibì kan náà ni ọ̀nà méjèèjì já sí. Ẹ fi í sílẹ̀ bí ẹlẹ́rọ ṣe tò ó, kí ẹ bi í léèrè nígbà àyẹ̀wò ọdọọdún bóyá àyè wà láti dín in kù.

A tún un sọ nítorí ẹni tó ń sáré kà: ilé tó ní táńkì, kí ẹnikẹ́ni má yí táńkì tàbí bọ́ílà wálẹ̀. Ilé tí kò ní táńkì, kí ó máa bọ̀ ní abala 2. Ẹni tí kò dá a lójú, kí ó ya fọ́tò bọ́ílà àti kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀, kó mú un wá bá wa. Ọ̀fẹ́ ni.

2. Bí ó bá jẹ́ kọ́ńbì

Nọ́ńbà méjì ló wà lójú kọ́ńbì. Àwòrán rédíétọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan, àwòrán tápù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì.

Èyí tó ní àwòrán rédíétọ̀: ẹ yí i sí 60. Ọ̀pọ̀ bọ́ílà ni àwọn tó gbé e kọ́ fi sílẹ̀ ní 70 tàbí 80.

Èyí tó ní àwòrán tápù: ẹ yí i sí bíi 50. Bí ẹ bá ní láti da omi tútù pọ̀ mọ́ omi gbígbóná kí ẹ tó lè wẹ̀, gáàsì lẹ ń jó dànù.

Bí ojú bọ́ílà yín kò bá ní nọ́ńbà, tó jẹ́ bọ́tìnnì roboto aláìnọ́ńbà ló ní, ẹ yí i kúrò ní òkè pátápátá wá sí nǹkan bí àárín, kí ẹ sì máa wò ó.

Ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́ rèé. Láti ọdún 2005 ni òfin ti ní kí ọ̀pọ̀ jù lọ bọ́ílà gáàsì tuntun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales jẹ́ irú èyí tó lè gba ooru padà lára èéfín rẹ̀. Omi tó ti di oru wà nínú èéfín gáàsì. Bí omi tó ń ti rédíétọ̀ padà bọ̀ bá tutù tó, ní nǹkan bí dígírì 55 sí ìsàlẹ̀, oru náà á di omi, á sì fi ooru rẹ̀ sílẹ̀ fún ilé. Bí omi bá ń padà bọ̀ pẹ̀lú ooru púpọ̀, èéfín á gbé ooru náà gba páìpù jáde sí ìta. Ẹ ti san owó rẹ̀ ná. Àjọ Nesta, tó ṣe ìpolongo lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 2022, fojú bù ú pé ìyípadà yìí lè dín gáàsì kù ní ìdá 6 sí 8 nínú 100.

Rédíétọ̀ kò ní jó yín lọ́wọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Èyí kì í ṣe àmì pé ó bàjẹ́, ẹ má tìtorí rẹ̀ pè wá. Ilé á dé ibi tó ń dé tẹ́lẹ̀, àmọ́ á pẹ́ díẹ̀. Ẹ jẹ́ kó tàn ní nǹkan bí ìdajì wákàtí ṣáájú àkókò tó máa ń tàn. Bí òtútù bá mú gan-an tí ilé kò sì gbóná dé ibi tí ẹ fẹ́, ẹ fi dígírì 5 kún un. Ẹ ó tún dá a padà nígbà tí ojú ọjọ́ bá rọ̀.

3. Nọ́ńbà ara ògiri kì í ṣe nọ́ńbà bọ́ílà

Tẹ́mósítáàtì ara ògiri ló ń sọ bí yàrá yóò ṣe gbóná tó, kì í ṣe bí omi rédíétọ̀ yóò ṣe gbóná tó. Láàárín 18 sí 21 ló tọ́ fún ọ̀pọ̀ ilé. Àwọn kan ti òde dé nínú òtútù, wọ́n sì gbé e sí 30 kí ilé lè tètè gbóná. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá wọkọ̀ l'Ékòó, tí ẹ sọ fún awakọ̀ pé Ìbàdàn lẹ ń lọ nígbà tó jẹ́ Ṣágámù, kò ní tìtorí ìyẹn sáré jù. Yóò kàn gbé yín kọjá ibi tó yẹ kí ẹ ti sọ̀ ni.

Ní ti bọ́tìnnì onínọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíétọ̀, ẹ lè yí i wálẹ̀ nínú yàrá tí ẹnikẹ́ni kì í lò. Inú yàrá tí tẹ́mósítáàtì wà nìkan ni kí ẹ ti ṣí i sílẹ̀ pátápátá.

4. Ilé tó ní aláìsàn, arúgbó tàbí ìkókó

Ẹ má fi owó gáàsì ta ìlera. Bí ẹ bá ní ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS nínú ilé, òtútù lè fa kíráísìsì fún un. Ẹ má jẹ́ kí yàrá rẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ dígírì 18. Bákan náà ni fún ìyá àgbà tó wá bá yín tọ́jú ọmọ, àti fún ọmọ náà. Ìyípadà abala 2 kò ní pa wọ́n lára níwọ̀n ìgbà tí yàrá bá ṣì ń dé ibi tó yẹ. Tẹ́mósítáàtì ni kí ẹ má fà wálẹ̀. Ẹ ní kí ilé-iṣẹ́ tó ń ta gáàsì fún yín kọ orúkọ aláìsàn náà sínú ìwé àwọn tó ń fẹ́ ìtọ́jú pàtàkì. Wọn kì í gba owó rẹ̀.

5. Ẹ má san kọ́bọ̀

Kò sí òṣìṣẹ́ káńsù tó ń kan ilẹ̀kùn gba owó láti yí bọ́ílà wálẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń ta fọ́ọ̀mù £150 tí ìjọba ń yọ lórí bíìlì iná àwọn tó tọ́ sí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé-iṣẹ́ iná fúnra rẹ̀ ló ń yọ ọ́. Àwọn díẹ̀ nìkan ni lẹ́tà ìjọba máa ń ní kí wọ́n tẹlifóònù, ọ̀fẹ́ sì nìyẹn náà. Bí ẹni tó wá bá tiẹ̀ ń sọ Yorùbá, tó ń kí yín lórí ìdọ̀bálẹ̀, tó ní ṣọ́ọ̀ṣì kan náà lẹ jọ ń lọ, ẹ má fún un ní nọ́ńbà báńkì yín.

Ẹni tó bá máa tú bọ́ílà gbọ́dọ̀ wà lórí Gas Safe, ìwé orúkọ àwọn ẹlẹ́rọ gáàsì tó rọ́pò CORGI ní 2009. Ẹ bèèrè káàdì rẹ̀: fọ́tò rẹ̀ àti ọjọ́ tí káàdì máa parí wà níwájú, irú iṣẹ́ tó lè ṣe wà lẹ́yìn. Ẹ̀yin ayálégbé lè yí bọ́tìnnì iwájú bọ́ílà fúnra yín, àmọ́ ẹ kò gbọdọ̀ ṣí ìbòrí rẹ̀. Ọrùn onílé ni àyẹ̀wò gáàsì ọdọọdún wà, owó rẹ̀ kò kàn yín.

Bí ẹ bá gbóòórùn gáàsì, tàbí tí orí ń fọ́ gbogbo ará ilé tí èébì sì ń gbé wọn, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ jáde, kí ẹ sì pe 0800 111 999 tọ̀sán-tòru.

6. Ìbéèrè kéékèèké

Ṣé ẹ̀wà sísè ló ń jẹ gáàsì wa? Rárá. Ìdáná kò ju ìdá díẹ̀ lọ. Rédíétọ̀ àti omi gbígbóná ló ń jẹ ìyókù.

Ṣé kí n lo híítà oníná mànàmáná dípò gáàsì? Ẹyọ iná mànàmáná wọ́n ju ẹyọ gáàsì lọ ní ìlọ́po mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ilé tí ẹ ó fi híítà náà mú gbóná láti àárọ̀ di alẹ́ yóò ná yín lówó ju ti bọ́ílà lọ.

Mi ò tan gáàsì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ló dé tí mítà onísanwó-ṣáájú fi jẹ owó mi? Owó ojúmọ́ ni, tí wọ́n ń kà bí ẹ kò bá tiẹ̀ jó gáàsì rárá. Ẹ máa fi díẹ̀díẹ̀ sí i nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kó má baà pé jọ dè yín di ìgbà òtútù.

7. Bí ẹ bá ń bọ̀ ní kántà

Ẹ mú fọ́tò iwájú bọ́ílà, fọ́tò inú kọ́bọ́ọ̀dù, bíìlì tó kẹ́yìn àti nọ́ńbà ojú mítà gáàsì wá. Ẹni tó bá mú fọ́tò méjèèjì wá kì í pẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó bá wá lọ́wọ́ òfo, a ó ní kó padà lọ wo kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ kí a tó dá a lóhùn, nítorí a kò lè sọ nọ́ńbà tó yẹ bọ́ílà fún ẹnikẹ́ni láìmọ̀ bóyá ó ní táńkì.